Ìrìn-àjò Ọlọ́kọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Ẹ̀bá Ọ̀nà

Àwọn ọ̀dọ́ kan láàrin wa ní Soclogbo, tí ìfẹ́ mọ́tò ti wọ̀ lọ́kàn, mú àbá kan wá: kí wọ́n kó ara wọn jọ, kí wọ́n wa ọkọ̀ wọn gba Kétu kọjá sí Nàìjíríà, kí wọ́n sì dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí ìtàn àwọn baba wa sọ pé ìdílé ọba Ìdáàṣà ti ṣí wá. Wọ́n ti ṣírò owó epo, wọ́n ti ṣírò owó oúnjẹ àti ti ibùsùn. Inú wa dùn sí àbá náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò rí nínú ìwé ètò wọn: nígbà tí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ bá ń la ìlú onílùú kọjá, gbèsè ta ni ó wà lọ́rùn wọn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ikọ̀ kan tí Gaston Gradis ṣe olórí rẹ̀ gbéra láti Colomb-Béchar ní Algeria pẹ̀lú ọkọ̀ Renault 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ 6. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá, wọ́n dé Savè, ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ àwọn aládùúgbò wa, níbi tí ojú irin láti Cotonou parí sí nígbà náà. Ìwé ìtàn pa orúkọ àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ mọ́. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn tí ó la ọ̀nà ilẹ̀ Dahomey? Iṣẹ́ ipá ni a fi la púpọ̀ nínú wọn, ọdún 1946 ni òfin Faransé sì tó fòpin sí i.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje Paris–Dakar dé. Thierry Sabine ni ó dá a sílẹ̀. Ìparí ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbéra ní Paris. Láàrin ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi sáré la ìlú kékeré kọjá, ọkọ̀ pa nínú àwọn tí ń wòran, ọmọdé sì wà lára wọn. Ìdíje kò tìtorí èyí dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù ìkọlù ba àwọn olùdíje fúnra wọn, a fagi lé ti ọdún 2008, a sì gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí èyí sọ nípa ẹ̀mí tí a kà sí ẹ̀mí.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀nà ìjọba ni, pé àlejò a sì máa náwó ní ọjà ibi tí ó bá yà sí. Òótọ́ ni. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 pàápàá gbà wá láàyè láti wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí a wọlé kò kọ́ wa bí a ti ń wọlé. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó yan ewu, òun náà ni ó sì ń jẹ adùn rẹ̀. Ẹni ẹ̀bá ọ̀nà kò yan nǹkan kan. Eruku àti ewu nìkan ni ó kàn án. Ìdí nìyí tí gbèsè tirẹ̀ fi ṣíwájú gbogbo gbèsè yòókù.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tún wá le ju ti ẹnì kan lọ. Ẹni tí ó ń dá wakọ̀ lọ, bí ó bá kọlu ewúrẹ́ ìyá arúgbó kan, mọ̀ pé òun ni ó yẹ kí òun dúró. Bí ọkọ̀ bá di 10, olúkúlùkù a máa rò pé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n inú àgbájọ náà ni ẹ̀bi ti ń rí ibi sá pamọ́ sí.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1982, ní Cotonou níhìn-ín, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn ìwé àsúráǹsì ọkọ̀ tí a ń pè ní Carte brune. Ẹni tí ọkọ̀ àlejò bá ṣe léṣe ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n rò mọ́ ọn, kí ó lè rí owó gbà-máà-bínú gbà, kódà bí awakọ̀ bá ti padà sílé.

A kò ní kí àwọn ọmọ wa má lọ. Kí wọ́n gba ìwé náà kí wọ́n tó kúrò ní Dassa-Zoumè. Kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa wakọ̀ kẹ́yìn. Kí ó má jẹ́ ẹni tí eré rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ àgbà kí, tí ó sì lè tọrọ àforíjì. Kí àpò owó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò ní fi ra epo, tí a kò ní fi ra oúnjẹ, títí wọn yóò fi padà dé.

Àwa tí a ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè mọ bí eruku ọkọ̀ àlejò ti ń rí lórí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, àwa ni a óò jẹ́ àlejò náà.