Àwọn Bàbá Mọra, Àwọn Ọmọ Ò Mọra

Ní òru Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ ti kú. Ààfin Aṣígangan, ọba ìlú náà, jóná, ilé epo jóná, ilé àwọn aráàlú náà jóná. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà, ilé Sẹ̀ríkí, olórí àwọn Fúlàní ìlú yìí, Alhaji Saliu Abdulkadir, ni iná jó. Sunday Adéyẹmọ, ajìjàgbara Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Igboho, ti fún àwọn Fúlàní ní ọjọ́ méje kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, Sẹ̀ríkí àti ìdílé rẹ̀ sá lọ.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹran ń jẹ oko ẹ̀gẹ́ wọn lóru, àwọn ajínigbé ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí, obìnrin ń bẹ̀rù àtidá lọ sóko. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n pa Ọ̀mọ̀wé Fatai Aborode, ọmọ Ìgàngàn tó ní oko ńlá nílé. Ẹni tó bá ní kí ìlú yìí má ké, ìkà ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Fúlàní tí wọ́n di ẹrù lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, ìyàwó àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, àti ti àwọn ọmọ tiwa, ló ká mi lára jù.

Àárín àwọn àgbà Yorùbá àti Fúlàní ti dán mọ́rán nígbà kan. Ọ̀pọ̀ olóko ní Ìbàràpá ló ra màlúù tí wọ́n fi síkàáwọ́ Fúlàní kó máa bá wọn dà á. Olóko ló ni ẹran, darandaran ló ni wàrà tó bá fún. Bí wọ́n bá kórè àgbàdo tán, màlúù á wọ oko lọ jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì di ajílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe ìkómọ, èkejì á gbọ́. Lọ́jọ́ iléyà, ẹran máa ń ti gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, wọ ìlú, iṣu á sì ti ìlú lọ sí gáà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá wa máa ń mú wa dání lọ sí gáà kan lẹ́yìn ìlú Èrúwà láti ra wàrà. Mo ṣì rí ìkòkò náà lórí ààrò. Ìyá Fúlàní á gún ewé bọmubọmu, á fún omi rẹ̀ sínú wàrà tó ń gbóná, á máa rò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí omi rẹ̀ á sì yọ sọ́tọ̀. Á wá fi igbá bù ú sínú àwọn agbọ̀n kéékèèké kó ro. Àwa àti àwọn ọmọ rẹ̀ á ti jókòó yí i ká, nítorí èyí tó bá fọ́, tiwa ni. Yorùbá ni àwọn ọmọ náà fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè tiwọn.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́. Àwọn ni wọ́n ń rìn wá bá wa. Bí àwa náà bá lọ, ọjà la bá lọ. Tí ìyá bá ti sanwó tán, ó di ilé. Kò sí ọmọ Fúlàní tó sùn ní yàrá wa rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sùn sí gáà nínú wa. Nígbà tó yá, àwa gba ilé ìwé lọ, wọ́n tẹ̀lé ẹran lọ. Ìjọba dá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran sílẹ̀ lọ́dún 1989, iṣẹ́ rere sì ni, nítorí ọmọ tó ń tẹ̀lé ẹran náà yẹ kó mọ̀wé. Síbẹ̀, ọmọ tó ń kàwé ní gáà àti ọmọ tó ń kàwé nílùú kì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn àgbà wa sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ọdún 2021 fi hàn wá. Àgbàlagbà tó ti fi màlúù síkàáwọ́ Fúlàní rí mọ èyí tó ń bá a gbé yàtọ̀ sí Bọ̀rọ̀rọ́, ìyẹn Fúlàní alákòókiri, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹran dé láti ọ̀nà jíjìn. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń bá a gbé, ó mọ ilé rẹ̀. Ọ̀dọ́ ìlú tó gbé igi lójú títì kò mọ ìyàtọ̀ kankan, gbogbo wọn ló rí bákan náà lójú rẹ̀. Ní gáà náà, lójú tèmi, ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ pé wọ́n sun ilé Sẹ̀ríkí kò ní ẹnì kan tí wọ́n jọ dàgbà nílùú tó lè pè kó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ó tún dùn mí pé a mọ àlejò í ṣe. Láti 2018 ni Igbó-Ọrà, ìlú mìíràn ní Ìbàràpá, ti ń ṣe ọdún ìbejì. Èrò máa ń wá láti òkèèrè, a máa ń wọ aṣọ kan náà fún àwọn ọmọ wa, a ń sọ fún àlejò pé ọbẹ̀ ilasa ló ń bí ìbejì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá oníròyìn òyìnbó ya fọ́tò láàárọ̀ kò mọ orúkọ ọmọ tó ń da màlúù kọjá lẹ́yìnkùlé wọn nírọ̀lẹ́. Ṣé ọ̀nà Amẹ́ríkà ló wá yá ju ọ̀nà gáà lọ ni?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ rìnrìn-àjò lásìkò ìsinmi, ẹ fi gáà kún un. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí bàbá ibẹ̀, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ ìyá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lédè wọn kó tó débẹ̀. Ẹ má fi ọjà ṣe ìdí ìbẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kó bá wọn fún wàrà, kó jẹun nínú igbá wọn, kó sì sùn bí àyè bá gbà á. Bí ìsinmi tó tẹ̀lé e bá dé, kí ọmọ tiwọn wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹ́ ẹní fún un níbi tí ọmọ yín ń sùn, kí ẹ fún un ní àmàlà, kí ẹ sì mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ ọdún méje ti tó bẹ̀rẹ̀.