IGI TÓ Ń RÚWÉ NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ẹ kà: Ẹ́kísódù 25:10-16, Gálátíà 6:2



Nígbà tí Ọlọ́run ní kí Mósè kan àpótí ẹ̀rí, igi ṣíttímù ni ó yàn. Igi ẹlẹ́gùn-ún inú aginjù ni, èyí tí a ń pè ní akásíà. Kò ga bí igi kédárì Lẹ́bánónì, ṣùgbọ́n ó le, ó sì wà nítòsí. Òun ni Ọlọ́run lò.

Àwọn ìbátan igi yìí pọ̀ ní Áfíríkà. Ní Òkè Ọya, àwọn oníṣẹ́ awọ máa ń fi èso bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá wa wí jùlọ ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Nígbà òjò, tí gbogbo igi ń rúwé, gawo a wọ́wé. Kò ní í ṣíji bo jéró àti ọkà bàbà tí a gbìn sábẹ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ a sì di ajílẹ̀ fún wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi yòókù wà ní ìhòòhò, ìgbà náà ni gawo ń rúwé. Màlúù a rí ibòòji lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì jẹ èso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Nígbà tí ọkọ arábìnrin wa kan kú, gbogbo wa ni a wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ síbi ìsìnkú. A kọrin, a jó, a jẹun. Lẹ́yìn èyí, oṣù mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tún kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ilé-ìwé. A rúwé nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a wọ́wé. A ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì wá.

Nítorí náà, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn opó àti aláìsàn inú rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì bẹ̀ wọ́n wò kí oṣù yìí tó parí. Ẹ má dúró de ìkéde. Ẹni tí kò ní owó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn débẹ̀. Àwọn àgbà ní ọjọ́ ìpọ́njú là á mọ ọ̀rẹ́.

Olúwa, Ìwọ tí O lo igi aginjù fún ògo Rẹ, fi wá ṣe ibòòji fún ẹni tí oòrùn ń pa. Àmín.