Ta Ló Sọ Ẹ̀sìn Nù?

  

Arákùnrin kan wà ní àdúgbò wa, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí kò wá sí àsálàtù mọ́. Nígbà tí a lọ bá a nílé, rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá Aníkúlápó kan tí wọ́n ń pè ní Shuffering and Shmiling ni a bá lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ní kí a jókòó kí a gbọ́ ọ tán, pé ohun tó wà lọ́kàn òun ni ọkùnrin náà ti fi kọrin. A jókòó, a sì gbọ́ ọ. Bóyá orin àti ìlù tọ́ tàbí kò tọ́ kọ́ la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Àwọn ààfáà wa ń ṣe àlàyé ìyẹn. Ìbéèrè tiwa ni pé: bí ẹnì kan bá sọ ìgbàgbọ́ nù, tó sì fi kọrin, kí ni ó yẹ kí àwọn tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀sìn wí?

Ilé ẹ̀sìn ni wọ́n bí Fẹlá sí, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1938. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkàn ni baba rẹ̀. Àlùfáà náà ni baba baba rẹ̀, Josiah Jesse Ransome-Kuti, tó kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní àwọn ọdún 1920. Ẹ ò rí nǹkan! Rẹ́kọ́ọ̀dù ni baba àgbà fi yin Ọlọ́hun, rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni ọmọ-ọmọ fi bá àwọn ẹlẹ́sìn jà. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò, ó sì kọ ẹ̀sìn ilé wọn sílẹ̀, ó padà sídìí òrìṣà. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ọdún yẹn náà ni rẹ́kọ́ọ̀dù tí à ń wí jáde.

Ohun tí orin náà ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní kí olùgbọ́ gbé ọkàn kúrò nínú ilé ìjọsìn fúngbà díẹ̀, kí ó wo ara rẹ̀: nínú ọkọ̀ tó kún àkúnya, nínú ilé tí kò sí omi tí kò sí iná, lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń gbá ni létí. Ó ní ẹ̀rín la fi ń gba ìyà náà, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀run la ó ti gbádùn, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù, póòpù àti lèmọ́mù ń gbádùn tiwọn níbí.

Ẹ má jẹ́ ká yára bínú. Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀sùn méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ẹ̀sìn ló kọ́ni láti máa rẹ́rìn-ín sí ìyà. Èkejì ni pé àwọn ẹlẹ́sìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀sùn kìíní kò ba Ìsìláàmù. Sùúrù tí Ọlọ́hun pa láṣẹ kì í ṣe káwọ́gbera. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó bá rí ohun burúkú, kí ó fi ọwọ́ yí i padà. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fi ahọ́n. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn náà, kí ó kórìíra rẹ̀ lọ́kàn, èyí sì ni ìgbàgbọ́ tó lẹ jù. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì kò jẹ ìgbádùn nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà yí Mẹ̀dínà ká, òkúta ni ó so mọ́ ikùn nítorí ebi, òun náà sì ń gbẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀sùn kejì ló bá wa nílé. Gbogbo wa la mọ Súrà Al-Mā‘ūn lórí láti ilé-kéwú, àyà méje péré ni. Ọlọ́hun béèrè níbẹ̀ pé ta ni ẹni tó ń pe ẹ̀sìn nírọ́. A lè rò pé abọ̀rìṣà ni yóò dárúkọ, tàbí olórin. Rárá o. Ẹni tó ń ti ọmọ òrukàn dànù ni, tí kì í gbani níyànjú láti bọ́ òtòṣì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn olùkírun tí wọ́n ń kírun fún ṣekárími, tí wọn kì í sì í ṣe ìrànlọ́wọ́ tí kò tó nǹkan fún ọmọnìkejì. Nítorí náà, èèyàn lè wà ní sáfù àkọ́kọ́ ní mọ́ṣálááṣí Ọjà'ba kí ó sì ti sọ ẹ̀sìn nù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kí ni a ṣe fún arákùnrin wa? Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í bí ó ṣe ń jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò lè san owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a dá fún ọdún Iléyá, a ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ajẹgbèsè níwájú gbogbo jámáà. Kí Fẹlá tó kọrin sí i létí ni àwa ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí àwa ṣe ìkà, àwa ló yẹ kí ó bá wí. Kò yẹ kí ó tìtorí wa pàdánù Olúwa rẹ̀. Ohun tí a sọ fún un nìyẹn, lẹ́yìn tí a tọrọ àforíjì.

Ó béèrè pé ṣé iyèméjì tó wà lọ́kàn òun kò tíì sọ òun di kèfèrí. A ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ànábì Ibrahim pàápàá bẹ Ọlọ́hun pé kí ó fi bí Ó ṣe ń jí òkú hàn òun, kí ọkàn òun lè balẹ̀, Ọlọ́hun kò sì lé e. Àwọn Sàhábà wá sọ fún Ànábì pé ròyíròyí kan ń wá sí àwọn lọ́kàn tí àwọn kò jẹ́ fi ẹnu sọ. Ó ní ìbẹ̀rù tó bà wọ́n yẹn gan-an ni ìgbàgbọ́. Imam Al-Ghazali, àgbà onímọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé Al-Munqidh min al-Dalal pé iyèméjì gbé òun dè fún nǹkan bí oṣù méjì, kí Ọlọ́hun tó tan ìmọ́lẹ̀ sí òun láyà. Ìgbà tó yá, lọ́dún 1095, ohùn há mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun níbi tó ti ń kọ́ni ní Baghdad. Ó fi ipò ńlá náà sílẹ̀, ó lọ wá Olúwa rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣiyèméjì, ẹ má ṣe pariwo rẹ̀ lọ́jà. Ẹ lọ bá a nílé. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán kí ẹ tó fèsì; bí ìbéèrè bá ju ìmọ̀ yín lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ààfáà tó ní sùúrù. Ẹ wò ó bóyá oúnjẹ wà nílé. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Arákùnrin wa kò tíì padà sí àsálàtù. A ṣì ń lọ sílé rẹ̀. Kí Ọlọ́hun, Ẹni tó ń yí ọkàn padà, fi ọkàn tirẹ̀ àti tiwa rinlẹ̀ sínú ẹ̀sìn Rẹ̀. Kí Ó má jẹ́ kí ìwà wa lé ẹnikẹ́ni jìnnà sí I. Àmín.