Sùúrù Ẹni tí Báǹkì Gé Owó Rẹ̀

Nígbà tí báǹkì bá gé owó tí kò tọ́ sí i nínú àkáǹtì ènìyàn, tí ẹni náà sì lọ bèèrè, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó ní sùúrù. Láwùjọ Yorùbá, níbi tí a ti gbà pé sùúrù ni baba ìwà, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí ẹni tí ó sọ ọ́ ṣe rò lọ, nítorí ó ń sọ ẹni tí a rẹ́ jẹ di ẹni tí ìwà rẹ̀ wà nínú ìdánwò, nígbà tí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó bí onídàájọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni pé: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹlòmíràn sí sùúrù, àti pé ǹjẹ́ ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àádọ́ta náírà títí tí ó fi gbà á padà ti di olójúkòkòrò tàbí aláìnígbàgbọ́?

Ní Dópẹ̀mú, ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, òwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, láti orí ẹni tí ó ń ta ata dé orí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún ará àdúgbò, owó wọn sì ń gba inú báǹkì kọjá, pàápàá láti ọdún 2012 tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CBN, ti bẹ̀rẹ̀ ètò dídín lílo owó bébà kù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe gbogbo owó tí báǹkì ń gé ni kò tọ́. Ìlànà tí CBN gbé jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2020, fọwọ́ sí owó ìtọ́jú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, tí kò gbọdọ̀ ju náírà 1 lọ lórí ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá ná jáde, ó sì fi gbèdéke sí owó ìfowóránṣẹ́: náírà 10 fún owó tí kò ju 5,000 lọ, náírà 25 fún èyí tí kò ju 50,000 lọ, àti náírà 50 fún èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò tọ́ ni kí a gé owó ìtọ́jú kọ́rẹ́ǹtì lórí àkáǹtì ìfowópamọ́, kí a gé owó kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ̀rọ ATM yọ owó nínú àkáǹtì láìsan án jáde, kí báǹkì má sì dá a padà. Aléètì tí ń sọ fún ènìyàn pé a ti gé owó pàápàá ní owó tirẹ̀, náírà 4 tẹ́lẹ̀, tí ó di náírà 6 ní ọdún 2025.

Ohun tí ń bí ènìyàn nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe iye owó náà, alájọ sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Alájọ tí ó ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ń gba iye kan lójoojúmọ́ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, nígbà tí oṣù bá sì parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, yóò kó ìyókù fún olówó. Owó ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n ọjọ́ kì í ṣe owó kékeré, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń pe alájọ ní aláìṣòótọ́ nítorí rẹ̀, nítorí pé oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti gbà á, kí ó tó fi owó àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Ìmọ̀ àti ìfọwọ́sí ni ó ń sọ owó iṣẹ́ di owó ẹ̀tọ́. Ibi tí méjèèjì kò bá sí, kíkéré owó náà kò lè dípò wọn.

Kíkéré owó yìí gan-an ni ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìwà àìtọ́ náà máa ń fara pamọ́ sí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, a ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí a bá gé àádọ́ta náírà péré lọ́wọ́ iye ènìyàn bẹ́ẹ̀, owó náà yóò jẹ́ náírà 63,885,700, kò sì ní sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ìyà náà jẹ tó láti fi ọjà sílẹ̀ lọ tò sórí ìlà ní báǹkì. Bí olè bá wọ ilé ẹnì kan kó irú owó yìí, gbogbo àdúgbò ni yóò tú jáde. Ẹni tí ó bá wá bèèrè àádọ́ta náírà tirẹ̀, tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń wò ó bí ahun, ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn yòókù kò ráyè ṣe, nítorí pé àròyé rẹ̀ ni ó lè mú kí aṣòfin rí ohun tí a pín kéékèèké kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Èsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ara wọn ni pé kí àwọn fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún èsì yìí, nítorí ẹni tí yóò pàdánù ọjà odidi ọjọ́ kan nítorí owó tí kò tó owó ọkọ̀ ní ìdí láti gbé ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n ìdáríjì yàtọ̀ sí àdánù. Ẹni tí yóò dárí jini gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a mú, ó gbọ́dọ̀ lágbára láti gbà á padà, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí a gé, tàbí tí ó mọ̀ ṣùgbọ́n tí lílọ-bíbọ̀ ti sú u, kò tíì dárí nǹkan kan ji ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹ̀sìn tí ará Dópẹ̀mú ń ṣe kò sì fi ìdádúró ṣeré. Kùránì, nínú súúrà kejì, ẹsẹ 280, pàṣẹ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a fún un ní àkókò títí ara yóò fi tù ú. Ẹ̀wẹ̀, nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wọlé, Ànábì Muhammad ka kí ọlọ́rọ̀ máa fi gbèsè falẹ̀ sí àbòsí. Bí a bá gbé méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé sùúrù tí a ń béèrè lọ́wọ́ olówó wà fún ẹni tí kò ní, báǹkì tí owó kún inú rẹ̀ kò sì lè fi ara rẹ̀ sábẹ́ àánú yẹn. Ìwé Léfítíkù, orí 19, ẹsẹ 13, kò gbà kí owó alágbàṣe sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, inú ẹsẹ kan náà tí a ti ka ìrẹ́nijẹ àti olè jíjà léèwọ̀ ni a sì fi òfin yìí sí. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 18, Jésù sọ ti opó tí kò jẹ́ kí adájọ́ aláìbẹ̀rù-Ọlọ́run kan sinmi títí ó fi dá ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ń gbàdúrà. Bí àìṣàárẹ̀ opó náà bá jẹ́ ìwà búburú, kò ní yẹ ní àpẹẹrẹ àdúrà.

Àwọn baba ńlá Yorùbá náà kò fi sùúrù olówó sílẹ̀ láìní òpin. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ìyẹn ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè tí ó bá yarí. Ológò yóò wọ inú ilé onígbèsè, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa mú adìyẹ àti ẹran ilé náà pa jẹ, yóò sì ni gbogbo ará ilé lára títí wọn yóò fi wá owó náà san. Àṣà yìí le, ó sì ń fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ kí ó padà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó ń fi owó olówó falẹ̀ ni àwùjọ ka sí ẹni tí ó ń ba ìlú jẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó ń bèèrè.

Ológò mọ ilé tí òun ń lọ, onígbèsè sì ní ojú tí ìtìjú lè mú. Báǹkì kò ní ojú. Òfin kà á sí ènìyàn tí ó lè ní dúkìá, tí ó sì lè pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí-ọkàn tí ó lè dà á láàmú lóru, akọ̀wé tí ó sì jókòó ní káńtà kọ́ ni ó ṣètò ẹ̀rọ tí ó gé owó náà, nítorí náà bíbú u jẹ́ ìwà àìtọ́ mìíràn. Níbi tí ẹ̀rí-ọkàn kò bá sí, òfin àti owó ìtanràn ni ó gbọ́dọ̀ dípò rẹ̀. Ìlànà ọdún 2020 sọ pé kí báǹkì fún oníbàárà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún àròyé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìtanràn mílíọ̀nù náírà 1 sí i fún báǹkì tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni CBN ti pàṣẹ pé bí ATM báǹkì ènìyàn fúnra rẹ̀ bá yọ owó láìsan án, kí ó padà lójú ẹsẹ̀, tàbí láàárín wákàtí 24 bí ẹ̀rọ bá kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti báǹkì mìíràn, wákàtí 48. Ìgbà tí a ti dá ọjọ́ fún ohun kan, ẹni tí ó bá rékọjá ọjọ́ náà kò tún lẹ́tọ̀ọ́ láti máa wàásù sùúrù.

Síbẹ̀, òfin kì í sọ gbogbo ohun tí ó tọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn báǹkì láre lórí owó tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ná kọjá ohun tí ó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ náà sọ ni pé owó yẹn jẹ́ ara iye tí oníbàárà ń san fún iṣẹ́ báǹkì, nítorí náà àjọ ìjọba tí ó gbé ẹjọ́ náà wá kò lè fi òfin tí ó dì mú yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pọ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Wọn kò sọ pé owó náà tọ́. Ẹni tí ó bá gba ìdákẹ́jẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí òdodo ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí a gé owó rẹ̀ láìtọ́ kọ ìwé sí báǹkì rẹ̀, kí ó gba nọ́ńbà àròyé rẹ̀, kí ó sì ka ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá rí èsì, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tí ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí ó wà láti ọdún 2012, tí ó sì ti mú kí báǹkì dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà padà. Láti ọdún 2018 sì ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀sùn owó kékeré, tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù náírà 5 lọ, tí a sì ṣètò rẹ̀ kí ìdájọ́ lè jáde láàárín ọgọ́ta ọjọ́.