Gáàsì Aládùúgbò

Nígbà ayé rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam ni alága àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì ní Nàìjíríà. Ní Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2019, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sabon Tasha, ní Kàdúná. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná wà nítòsí ibẹ̀. Gáàsì bú gbàmù, iná sọ, ó sì pa ọ̀jọ̀gbọ́n náà àtàwọn mìíràn. Irun ló wá gẹ̀, kò wá ra gáàsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Dilimi gbọ̀ngbọ̀n. Ní àdúgbò yẹn ní Jos, ilé fara ti ilé. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ nínú yàrá, ará ilé kejì á kí i pé pẹ̀lẹ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì mọ ìdí tí èèyàn fi ń kó nǹkan pamọ́. Wọ́n rí rògbòdìyàn ọdún 2001, ti 2008 àti ti 2010. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ìjọba tún kéde kónílé-gbélé fún wákàtí 24 ní Jos North. Bí irú rẹ̀ bá dé, ọjà á tì, ọkọ̀ ò ní rìn, ẹni tí gáàsì rẹ̀ bá sì tán á di ẹni tó ń mu gàrí láàárọ̀, tó tún ń mu ún lálẹ́. Nítorí náà, n kò ní bá ẹni tó ra sìlíńdà méjì wí. Òye ló fi ṣe é. Ibi tó gbé e sí ni mo fẹ́ bi í léèrè, torí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí olè.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rìn, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ẹlòmíràn. Lítà kan rẹ̀ nínú sìlíńdà á di nǹkan bí 250 lítà nígbà tó bá tú síta. Bó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá, iná kékeré ti tó láti mú kó bú gbàmù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ti gáàsì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó sùn lè má jí.

Ọyẹ́ Jos tún dá kún un. Ìlú náà fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan mítà ga ju ìpele òkun lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré. Irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní butane ló sábà máa ń pọ̀ nínú gáàsì tí à ń tà ní Nàìjíríà, òtútù sì máa ń mú kó ṣòro fún un láti di afẹ́fẹ́ jáde. Láàárọ̀ kùtù, iná á máa ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ níbi tí òun ti rà á. Á bẹ̀rẹ̀ sí í mi sìlíńdà náà, á dà á dùbúlẹ̀, òmíràn á tilẹ̀ gbé e sún mọ́ èédú tó ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, á jó. Èédú náà ò sì yẹ nínú yàrá tí a ti fèrèsé pa: èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn tó ń rùn sínú gáàsì ká lè tètè fura.

Ẹ̀rù àwọn tó ń da gáàsì láti inú sìlíńdà ńlá sínú kékeré létí títì ló ń bà mí jù. Wọ́n á dojú ńlá dé kékeré, wọ́n á sì kún un dẹ́nu. Sìlíńdà kò gbọ́dọ̀ kún ju nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú 100 lọ, torí gáàsì tó wà nínú rẹ̀ máa ń wú bí oòrùn bá pa á. Bí kò bá ríbi wú sí, yóò wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń lo òṣùwọ̀n. Ẹ wo ìwúwo òfìfo àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 15, ẹ má fi owó yín kún un mọ́.

Bí òórùn bá sì ta yín nímú lóru nígbà tí kò síná, ẹ má ṣáná, ẹ má tẹ súìṣì. Ẹ rántí fìríìjì: bí NEPA bá mú iná dé lójijì, òun fúnra rẹ̀ lè ta ìpẹ́pẹ́ iná láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ kó ọmọ jáde, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kí òun náà jáde. Omi ọṣẹ lẹ ó fi wá ibi tó ti ń jò bó bá dàárọ̀. Yóò hó níbẹ̀.

Ní ti olè, àgbàlá ni kí ilé tí ayálégbé pọ̀ sí ti wá nǹkan ṣe sí i. Kí gbogbo ayálégbé dáwó, kí alurinmọ́rin ṣe àgò irin tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀, kó ní ìbòrí tí oòrùn kò ní tọ̀ ọ́, kó jìnnà sí gọ́tà àti sí jẹnẹrétọ̀. Kí sìlíńdà dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, kí wọ́n fi àgádágodo kan tì í, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.