Ìbọn Abẹ́ Ẹ̀wù

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la. Ká ní òfin gbà yín láyè, ká sì ní owó rẹ̀ wà lápò yín, ṣé ẹ máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri? Kì í ṣe ṣakabùlà tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko o. Mò ń sọ ti kékeré pẹlẹbẹ, èyí tí ẹ lè kì bọ abẹ́ ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ máa gbé e wọ kíláàsì, ẹ máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì láti Òṣogbo dé Iléṣà. Ẹ má tíì dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bi ló kọ́kọ́ sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀, tí wọ́n bá rántí alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ohùn wọn á yí padà.

Ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀, torí òun ni kò gùn. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti irú rẹ̀, àwọn aláṣẹ ní ìpínlẹ̀ ló ń fún èèyàn níwèé. Ìbọn ọlọ́ta tí wọ́n fi ń ṣọdẹ, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí i. Ìbọn ìléwọ́ ńkọ́? Inú agbo kan náà ni òfin kó o sí pẹ̀lú bọ́ǹbù àti àgbá ogun. Láìsí àṣẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní in. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Tí wọ́n bá mú ọ ní ọmọ ogún ọdún, wàá jáde ní ẹni ọgbọ̀n, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ á ti máa sin ọmọ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba máa fi ojú ẹni rí ni òfin sọ. Bóyá nǹkan ọ̀hún dáa tàbí kò dáa, ọ̀tọ̀ nìyẹn, òun gan-an ni mo sì fẹ́ bá yín jíròrò.

Mo ní bùrọ̀dá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, tí wọ́n ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ní Texas níbẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tí òfin ò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún tún dá a pé New York ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn kọ́kọ́ wá rojọ́ ìdí pàtàkì kó tó lè gbé ìbọn sábẹ́ ẹ̀wù. Bùrọ̀dá mi ra tiwọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe yàn án, àfi bí ẹni ń ṣàlàyé bàtà. Wọ́n ní ńlá rọrùn láti yìn, ó dúró lọ́wọ́, àmọ́ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ẹ̀wù á yọ gọngọ lẹ́yìn. Èyí tó kéré jù ńkọ́? Ó máa ń ta sókè lọ́wọ́ bí ẹran tí wọ́n fẹ́ so. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi wá jókòó ti pẹlẹbẹ aláàárín. Irú bíi SIG P365 tó jáde ní 2018, kò nípọn ju nǹkan bí ínǹṣì kan lọ, síbẹ̀ ọta mẹ́wàá ń wọ inú rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i, ibi kan náà ló forí lé: kó má hàn.

Mo ní, "Bùrọ̀dá mi, tó bá jẹ́ pé agbádá lẹ ń wọ̀ ni, ẹ ò bá gbé àgbá Kírìjì sínú ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ àwọn ní yíyìn kìlọ̀ pé táwọn bá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, àwọn ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Àti pé táwọn bá pàdé èèyàn, ọwọ́ ẹ̀ ni kí àwọn kọ́kọ́ wò, kí àwọn tó wo ojú ẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà pẹ̀lú nǹkan yẹn nídìí ṣòkòtò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní táwọn bá ń lọ òde àwọn Yorùbá, inú mọ́tò làwọn ń fi í sí.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ lojú ẹ̀ wà. Ó fi ọrùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kí. Kò sí bó ṣe lè máa ṣọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá mi mọ̀ pé nǹkan méjèèjì ò lè gbé ara kan náà, wọ́n sì yan ìkíni ní òde yẹn. Ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ẹnì kan lè ní kí n má pa irọ́ mọ́ àwọn baba wa, pé àwọn náà gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀wù. Òótọ́ ni. Ìfúnpá ń bẹ, òǹdè ń bẹ, ayẹta àti òkígbẹ́ ń bẹ, kò sì sẹ́ni tó ń so wọ́n mọ́ ìta agbádá. Èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá wọ́n ń jẹ́ tàbí wọn ò jẹ́. Ẹ kàn wo iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Ayẹta ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọta yẹ̀. Òkígbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àdá má wọlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ṣèèṣì bọ́ lára ẹni nínú bọ́ọ̀sì kó pa ìyá elépo tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. (Mo mọ̀ pé àpèta náà wà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yangàn pé òun ń gbé àpèta kiri, gbogbo wa la sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.)

Kì í sì í ṣe pé ìbọn jẹ́ àjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtìparapọ̀ lè dúró de Ìbàdàn. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, ẹ ò rí i bí kò ṣe pa mọ́ tó! Bákan náà ni ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká. Ó ti sọ fún gbogbo ọ̀nà pé òun ní ìbọn. Ẹ lè yà fún un, ẹ lè kí i, ẹ lè béèrè ẹran. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020, aṣọ wọn ń sọ̀rọ̀ kí ìbọn wọn tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi í pa mọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Tí èmi àti ẹ̀ bá ń jà lórí ṣéńjì igba náírà nínú mọ́tò, èmi rò pé igba náírà la ń jà sí. Òun nìkan ló mọ̀ pé ikú jókòó láàárín wa. Olè tó fẹ́ tàn jẹ, mi ò ṣàánú ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa yòókù ló ti tàn jẹ kó tó kan olè.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní Iléṣà níbí, òun ló ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń kàwé lóru, tí àwọn méjì lórí ọ̀kadà yọ ọ̀bẹ sí i. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba owó oúnjẹ, wọ́n wá gbá a létí kí wọ́n tó lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, ó ní ẹnì kan mọ àgbẹ̀dẹ kan tó ń rọ kékeré. Mo ní tó bá wọ yàrá yẹn, èmi á jáde. Ó wò mí, ó ní, "Nígbà tí wọ́n na ọ̀bẹ sí mi, níbo ni òfin ẹ wà? Àbí ẹ̀mí mi ò tó nǹkan lójú ẹ?"

Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó tún rán mi létí Ifẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fọwọ́ ara wọn mú àwọn kan pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ bí ọmọlúàbí, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ká ní Afrika ní ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́?"

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ìbọn tó lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí lóru ọjọ́ yẹn, ó ní láti wà níbẹ̀ ní gbogbo òru tó ṣáájú, kó sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí àwọn tó wà ní yàrá kejì àti ìkẹta. Ẹ fojú inú wo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Èèyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan. Ẹnì kan, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀. Ẹnì kan gbé kóòsì mẹ́ta. Méjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ wá fún wọn ní ìbọn mẹ́jọ, kí ẹ máa retí òru kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ òkùnkùn máa wá. Ta ló máa kú kí òru yẹn tó dé? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó dẹ́rù bà mí jù: ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ohun tí wọ́n ń sọ nìyí, "kí ẹnikẹ́ni má baà fìyà jẹ mí." Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi àti ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ síra. Mi ò sọ pé òun àti wọn dọ́gba o. Mo ní ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé.

Ó tún ní tí olè ò bá mọ ẹni tó ní, á bẹ̀rù gbogbo èèyàn. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Àmọ́ olè tó bẹ̀rù gbogbo èèyàn kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀, ńṣe ló ń dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. Lónìí, á ní "mú fóònù wá," wàá mú un wá, wàá sì délé. Lọ́jọ́ tó bá rò pé ohun mìíràn lo fẹ́ mú lápò, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ tún rántí Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni, ìjọba sì fún un ní ẹ̀ṣọ́ oníbọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001, àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ jẹun, wọ́n wọlé bá a nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ pa èèyàn ló ń mú àkókò. Ẹni tó gbé ìbọn sára ní láti jí ní gbogbo àkókò.

Tí mo bá máa sọ òótọ́ tí mo rí lójú ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe fóònù ló ń dùn ún, kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀bẹ. Ìfọ́tí yẹn ni. Ìtìjú ló ń wá ìbọn rà, ẹ̀rù kàn ń bá a gbé àpò ni. Ìbọn ò sì lè gba ìfọ́tí àná padà. Ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ ló máa gbà á.

Kí wá ni kó ṣe? Àwọn Òṣómàáló ló wá sí mi lọ́kàn, àwọn Ìjẹ̀ṣà alájàpá tó ń tajà aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n máa ń padà wá gba owó. Ìlú onílùú ni, owó wà lára wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò sọ pé wọn ò so nǹkan mọ́ra. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n so mọ́ra ló ń gbowó. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ní àwọn ò ní jókòó títí owó á fi pé, aládùúgbò á yọjú, ọmọdé á pé lé wọn lórí. Rírí tí gbogbo èèyàn rí wọn ni agbára wọn. Kódà orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, ìlóṣòó yẹn ni.

Òun la fi bẹ̀rẹ̀ tiwa. Àwa méje la jọ ń kúrò níbi ìkàwé ní agogo mọ́kànlá báyìí, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí a dáwó rà àti ariwo tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní kọ̀rọ̀ ti mọ̀ wá, tí ẹnì kan bá dín, wọ́n á béèrè. Ọ̀rẹ́ mi ní àwa jọ agbo àgùntàn. Síbẹ̀ ó ń bá wa rìn, ẹ̀yìn gbogbo wa ló máa ń wà, ó ní ó yẹ kí ẹnì kan máa wẹ̀yìn. Ó sọ fún mi pé òun ò rà á. Mi ò yẹ abẹ́ ẹ̀wù ẹ̀ wò, mi ò sì tíì kó kúrò nínú yàrá.