Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yé Ènìyàn Jẹ́ Apá Kan Nínú Oúnjẹ Aláìní

Khutubah ọjọ́ Jímọ̀, Jakande Estate, Ìsọlọ̀

KHUTUBAH ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá, tí kì í gbàgbé orúkọ ẹnìkankan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀ fún àṣìṣe ọwọ́ wa àti ti ahọ́n wa. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allah nìkan ṣoṣo, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Ara ìpayà Ọlọ́hun ni pé kí a ṣọ́ ohun tí ọwọ́ wa ń pín, kí a sì ṣọ́ ohun tí ẹnu wa ń kéde.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun àlàásáárì, ìyá àgbàlagbà kan nínú estate wa mú fóònù rẹ̀ wá bá wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé sórí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìrànwọ́ oúnjẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró: pending. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ ń bọ̀ lọ́nà. Aládùúgbò rẹ̀ sọ pé rárá, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ni. Ìyá náà kò mọ èyí tí yóò gbà. Nítorí pé ó ń retí ìrẹsì náà, kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó ẹ̀wà tí wọ́n jọ máa ń rà pín lọ́jà. Ó ní: “Àfáà, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kí n ṣì máa retí ni, àbí kí n wá ọ̀nà mìíràn?” A ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa náà kò lè dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ìyá yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fò sókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìkéde jáde pé ìdílé mílíọ̀nù 15 yóò máa gba náírà 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó di ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2024, ìkéde mìíràn jáde: Ààrẹ dá àwọn ètò ìrànwọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ìwádìí lè wáyé lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó wọn. Oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí ó dúró. Ìwádìí lórí owó tálákà kì í ṣe ohun búburú; Ọlọ́hun fẹ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọdé kì í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà a tún gbọ́ pé NIN àti BVN ni wọn yóò fi mọ ẹni tí owó tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá wa ni kò sì mọ̀ bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé, bóyá wọ́n ti yọ ọ́, tàbí bóyá orí fóònù tí ó ti sọnù ni ìròyìn náà lọ.

Ní Èkó wa níbí, ọjà Oúnjẹ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹ̀dínwó ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ìdá 25 nínú 100. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, tí wọ́n gbé àpò òfìfo lọ, tí wọ́n sì gbé e padà bọ̀.

Kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró ní Amẹ́ríkà, owó oúnjẹ tí nǹkan bí mílíọ̀nù 42 ènìyàn ń gbà lóṣooṣù ṣe ségesège. Lónìí wọn a ní kò sí. Lọ́la wọn a ní díẹ̀ ń bọ̀. Ilẹ̀ olówó ni, síbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ níbẹ̀ béèrè ìbéèrè kan náà tí ìyá Ìsọlọ̀ béèrè: ṣé kí n máa retí ni?

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mí ni ìkéde tí kò dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ó wà nílẹ̀ ń gbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2024, àjọ aṣọ́bodè ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní Yábàá, náírà 10,000 fún àpò kílò 25. Èrò pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí bọ́, wọ́n sì dá títà náà dúró. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ọmọdé 35 kú nínú irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti kéde ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kí Ó sì tu àwọn òbí wọn nínú.

Ẹ̀yin mùsùlùmí, kí ni ẹ̀sìn wa sọ sí ọ̀rọ̀ yìí? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ ìtàn obìnrin kan tí ó wọ iná nítorí ológbò. Ó dè é mọ́lẹ̀ títí tí ó fi kú. Ẹ wo bí Ànábì ṣe ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ náà: obìnrin yìí kò fún un ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá ohun tí yóò jẹ fún ara rẹ̀. Ohun méjì ni. Bí ó bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ológbò náà ì bá yè. Ẹni tí ó bá sọ fún aláìní pé “máa retí”, tí kò fún un, tí kò sì sọ fún un pé kò sí mọ́, okùn ni ó fi dè é. Ìrètí tí kò ní ọjọ́ ń dá ènìyàn dúró sójú kan bí okùn. Bí èyí bá sì rí bẹ́ẹ̀ lórí ológbò, báwo ni yóò ti rí lórí ọmọ Ádámà?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Òun ni ó ṣètò ìwé orúkọ tí wọ́n ń pè ní díwáànì, tí wọ́n fi ń pín owó àwọn mùsùlùmí fún wọn. Ìlànà kan wà nínú ìpín náà: ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú kò ní ìpín. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò sọ̀ sí Mẹdínà, Umar sì jáde lọ ṣọ́ wọn. Ó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ kan. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó tọ́jú ọmọ rẹ̀. Igbe náà kò dáwọ́ dúró. Ó tún padà lọ. Nígbà tí ó yá, ìyá náà, tí kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, sọ fún un pé òun ń fi ipá já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ni, nítorí pé Umar kì í ka ọmọ tí ó bá ń mu ọmú mọ́ ẹni tí yóò gba nǹkan.

Nígbà tí Umar ń ṣe ìmáámù ìrun àsùbáà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí ó ń ké. Lẹ́yìn ìrun, ó ní kí olùkéde jáde, kí ó sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe kánjú já ọmọ wọn lẹ́nu ọmú mọ́. Gbogbo ọmọ tí a bá bí sínú Islam ti ní ìpín tirẹ̀. Ó sì kọ ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbègbè.

Ẹ wò ó dáadáa. Umar gbọ́ ìdí tí ìyá náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé òun kò ní i lọ́kàn pé kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìlànà ṣe rí létí ẹni tí ebi ń pa ni Ọlọ́hun yóò fi bi òun. Ó yí ìlànà náà padà, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tuntun dé ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti dé.

Ẹ̀yin ará, kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tiwa. Nínú Ràmàdáánì tí ó kọjá, mọ́sálásí yìí pín ìrẹsì àti ẹ̀wà. A pín tíkẹ́ẹ̀tì, a sì sọ pé ọjọ́ Sátidé ni. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹrù pẹ́, a sún un sí ọjọ́ Àìkú, orí WhatsApp ni a sì ti kéde rẹ̀. Ìyá kan tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn wá ní Sátidé pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn ni ó bá ní títì. Ó padà wá ní ọjọ́ Ajé. Ẹrù ti tán. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí i, ó ní kí wọ́n kí wa, pé òun ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo létí wa ju èébú lọ. Ànábì wa ti kìlọ̀ pé kò sí gàgá láàárín àdúà ẹni tí a ṣe àbòsí sí àti Ọlọ́hun. A lọ bá ìyá náà nílé, a tọrọ àforíjìn, ó sì foríjìn wá. Gbangba ni a ti ń sọ ọ́ nítorí pé gbangba ni àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀. A kò jalè, a kò sì fi nǹkankan pamọ́. Ọ̀rọ̀ wa ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

A ń sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun bí ó ti tọ́ sí I. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú Súúrà Al-Isra, Ọlọ́hun kọ́ wa ní ohun tí a óò ṣe nígbà tí aláìní bá wá, tí kò sí ohun tí a óò fún un, tí àwa fúnra wa ṣì ń retí àánú Rẹ̀. Ó ní kí a bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀. Kò sọ pé kí a dákẹ́. Kò sọ pé kí a fi ọ̀rọ̀ rú u lójú. Bí owó bá tán, ọ̀rọ̀ rere kò gbọdọ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pín nǹkan, yálà ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ẹgbẹ́, tàbí ní mọ́sálásí: ẹ sọ ẹni tí ó tọ́ sí, ohun tí yóò gbà, ọjọ́ àti ibi tí yóò ti gbà á, àti ẹni tí yóò bi bí kò bá rí i gbà. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́. Bí iye rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, ẹ sọ iye náà kí èrò tó pé jọ. Bí ó bá dúró, ẹ sọ pé ó dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn: Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súúrà Al-Hujurat pé kí a ṣe ìwádìí ìròyìn tí aláìdáa bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Ẹ má ṣe fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn nígbà tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba ọ̀fẹ́, tàbí tí ó béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín, olè ni. Ẹ má ṣe dá a lóhùn. Fíforúkọ sílẹ̀ fún NIN, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ mú ẹni tí ó mọ̀wé dání lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì béèrè láìtijú. Ohun tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ fún aláìní, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bíbéèrè ẹ̀tọ́ kì í ṣe agbe.

Ẹ̀yin aládùúgbò: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ànábì wa sọ pé ẹni tí ó yó, tí aládùúgbò rẹ̀ ń sùn nínú ebi, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa nínú àwọn búlọ́ọ̀kù yìí. A ń gbọ́ ìkọ́ ara wa ní òru. Nígbà tí ìrànwọ́ bá dúró lókè, ẹ má jẹ́ kí ó dúró láàárín wa. Ẹ yọ sàká yín, ẹ fi sàárà kún un.

Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa méjì yóò máa jókòó ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀, àti ní ọjọ́ Àlàmísì lẹ́yìn àlàásáárì, láti bá ẹnikẹ́ni ka àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìwé tí kò bá yé e, mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí. Wọn kò ní gba owó, wọn kò sì ní bi yín ní àṣírí. Ìkéde ìpín mọ́sálásí yóò máa jáde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò wà lára ògiri, a ó sì rán ènìyàn sí ilé àwọn àgbàlagbà.

Ìyá tí ó mú fóònù wá bá wa ńkọ́? Ọ̀dọ́ kan bá a lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ti ìgbà yìí. Ó padà wá sọ fún wa. A rò pé yóò bínú. Ó ní: “Ẹ ṣé, Àfáà. Ó kéré tán, mo ti mọ̀.” Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú owó rẹ̀ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Ìwọ Ọlọ́hun, Olùpèsè, bọ́ àwọn tí ebi ń pa nínú wa. Fi àánú sí ọkàn àwọn tí O fi ìwé orúkọ aláìní sí lọ́wọ́, kí O sì jẹ́ kí wọ́n rántí pé orúkọ àwọn náà wà nínú ìwé Rẹ. Dá ahọ́n wa dúró níbi irọ́. Foríjìn wá fún ẹni tí a dá dúró láìmọ̀. Foríjìn àwọn òbí wa àti gbogbo òkú mùsùlùmí. Fún ilẹ̀ wa ní àlàáfíà àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a ṣe déédéé, kí a ṣe dáadáa, kí a sì máa fún àwọn ìbátan wa. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ dìde, ẹ gbé ìrun dúró.